Lẹ́tà sí Ẹsẹ̀ Òsì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣa lẹ́tà
ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Káfáńchán.
Mo mọ èyí tó ń lọ Jọ́ọ̀sì, mo mọ èyí tó ń lọ Bídà,
n kò fi ọ̀kan pe ọ̀kan rí.
Ṣé èmi náà ni mo wá ń ránṣẹ́ sí ìka ẹsẹ̀ ara mi
tí iṣẹ́ ò jẹ́?

Orúnkún tuntun ni wọ́n fi sí mi ní Gwagwaládà.
Irin ni. Dókítà Bitrus fi àwòrán rẹ̀ hàn mí,
ó ní, "Baba, èyí yóò pẹ́ jù yín lọ."
Mo rẹ́rìn-ín. Ìrora ọdún mẹ́jọ lọ lóòótọ́,
àmọ́ bó ṣe ń lọ, kò lọ lọ́wọ́ òfo.

Láti ojúgun dé àtàǹpàkò, ó kú tipiri.
Kò dùn mí, kò yún mí.
Mo fọwọ́ kàn án, àfi bí ẹsẹ̀ àga.
Mo ní kó gbórí sókè, ó sorí kọ́
bí ọmọ tí wọ́n bá wí níwájú àlejò.

Ọ̀yẹ́ ti dé sí Kubwa.
Ladi tó ń kọ́ mi ní ìrìn mú òwú,
ó ní kí n dijú. "Baba, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"
Mo ní mo mọ̀ ọ́n.
Ìgbà tí mo lajú ni mo rí i
pé òwú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì kàn mí.

Lánàá, mo fi ọ̀pá rìn dé ẹnu géètì,
ọmọ Alhaji Sanda sáré tẹ̀lé mi:
"Baba, ga takalminka!"
Bàtà òsì mi ti kù sẹ́yìn lẹ́bàá ẹ̀rọ omi,
ẹsẹ̀ ò sì fi tó mi létí.

Bọ́lájókòó ló ń bá mi dán omi ìwẹ̀ wò báyìí,
ìgbọ̀nwọ́ ló ń tì bọ̀ ọ́
bí ìgbà tó ń wẹ àwọn ọmọ.
N kò bá a jiyàn.

Dókítà ní iṣan kan ló fara gbọgbẹ́:
ó lè jí lóṣù mẹ́ta, ó lè di ọdún kan,
ó lè má jí tán.
Mo mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi náà ti sọ ọ́ rí
láti ẹ̀yìn káńtà: "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Lóru, bí aago mẹ́ta,
nǹkan kan ta mí pín-ín
ní ìka tó kéré jù.
Èèrà ni o, àlá ni o, n kò tanná wò ó.
Mo dùbúlẹ̀, n kò mira,
mo ń retí kó tún ta mí.