Dá A Padà

Èèyàn mẹ́tàlélógún ni mo kà,
àti ajá Morag tó sùn sábẹ́ àga.
Òjò ń fìka gbá òrùlé páànù,
afẹ́fẹ́ òkun ń yọ́ wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn
bí ẹni tí kò fẹ́ san owó ìwọlé.
Pọ́n-ùn mẹ́ta ni. Eilidh ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà,
òǹtẹ̀ ilé ìkàwé ló fi tẹ̀ mí lẹ́yìn ọwọ́:
DÁ A PADÀ LỌ́JỌ́ KẸRÌNLÁ.

Kí n má purọ́, n kò wá gbọ́ orin.
Struan ni mo wá bá, ọmọ Isla tó ń ta ẹja ní Thurso,
tó yá ẹ̀rọ agbóhùnsókè mi láti oṣù kẹta,
tó wá di ẹni tí ń rí mi tó ń yà bá ọ̀nà ẹ̀yìn.

Wọ́n jáde. Ọmọ mẹ́rin.
Ọṣẹ ìyá wọn ṣì ń ta sánsán lára wọn.
Kò sí pèpéle, kápẹ́ẹ̀tì pupa kan ni wọ́n tẹ́,
èyí tí ìyàwó tuntun ń tẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.
Ailsa kọ̀yìn sí wa, kò sì yíjú padà títí alẹ́.
Ruaridh onílù kò bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ ẹja,
ìpẹ́ ń tàn lápá rẹ̀.
"Ìgbì Kẹsàn-án lorúkọ wa,"
Catriona sọ ọ́ fún bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀,
ó fọwọ́ kan okùn gìtá.

Ẹ̀yin èèyàn mi,
àyà mi ṣí bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tàpá sí.
Ariwo ni, n kò ní pè é lórúkọ mìíràn,
ṣùgbọ́n ariwo tó ní egungun nínú.
Ife tíì mi ń gbọ̀n, ó ń rìn lọ sétí tábìlì,
mo jẹ́ kó máa lọ.
Ajá Morag dìde, ó wọ̀tún, ó wòsì,
ó padà sùn. Àgbà ajá ni.

Orin kẹta ni iná kú.
Gbọ̀ngán wa kì í tanná lọ́fẹ̀ẹ́:
pọ́n-ùn kan, ogún ìṣẹ́jú,
ẹni tó ṣe ìṣirò náà kò ro ti gìtá mọ́ ọn.
Ruaridh ò dúró. Ó ń lù nínú òkùnkùn,
Catriona ń fi ọ̀fun lásán kọrin, ohùn tín-ín-rín,
àwa náà ń tú àpò:
kọ́kọ́rọ́, bọ́tìnì, oògùn Hamish,
péńsì tí ẹ̀rọ iná kì í gbà.
Pọ́n-ùn kan ló kù lọ́wọ́ mi,
òun ni yóò mú owó bọ́ọ̀sì pé dé Castletown.

Mo rò ó. Mo rò ó dáadáa.
Orúnkún mi ti ṣiṣẹ́ ọkọ̀ apẹja kọjá agbára rẹ̀,
òjò ò sì dá.

Mo táràrà dé ìdí ògiri, mo wá ihò náà rí.
Kẹ̀n.
Iná dé, gìtá bú jáde láti àárín ọ̀rọ̀,
a hó yèè
bí ìgbà tí ọkọ̀ tí a ti ń sunkún rẹ̀ bá yọ létí òkun.
Struan wò mí láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ mi. Ojú tì í.
Mo juwọ́ sí i: máa lù ú lọ.

Ká sòótọ́, ó kù díẹ̀ káàtó.
Orin kẹfà já lẹ́ẹ̀mejì.
Bóyá Glasgow á gbà wọ́n lọ́wọ́ wa lọ́dún tó ń bọ̀,
bóyá ẹja ni wọn óò máa là títí. N kò mọ̀.

Mo fẹsẹ̀ rin máìlì márùn-ún,
etí mi ń hó bí ìkòkò.
Mo délé, mo fọ ọwọ́, òǹtẹ̀ kò ṣí.
Ilẹ̀ mọ́, ó di ọjọ́ kẹrìnlá.
N kò lọ béèrè.