Ìdajì Táyà

Nínú àwòrán ìwé ìròyìn tí màmá àgbà lẹ̀ mọ́ ògiri,
ọ̀gá ló gbé ọwọ́ méjèèjì sókè,
ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn ọjọ́ ọdún.
Wo igun ọwọ́ òsì, níbi tí bébà ti pọ́n:
ìgúnpá kan, ìdajì táyà kan.
Bàbá bàbá mi nìyẹn,
Armel Kerdoncuff, tó fi ọdún mọ́kànlá gun kẹ̀kẹ́ jẹun,
tí ayàwòrán kò rí ju ìgúnpá rẹ̀ lọ.

Etí òkun ni wọ́n bí i sí, ní Bùrẹ̀táàn,
níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kọ́ igi ní ìkúnlẹ̀.
Àlùbọ́sà ni bàbá rẹ̀ ń gbìn,
a so ó rọ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́,
a wọ ọkọ̀ ojú omi, a lọ tà á fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì.
Kẹ̀kẹ́ yẹn ni Armel kọ́kọ́ gùn.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tólẹ̀,
òórùn àlùbọ́sà kò sì kúrò lára irin náà
títí tó fi dípẹtà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó gba ipò kìíní
nínú ìje ọjọ́ ẹni mímọ́ abúlé wọn.
Wọ́n fún un ní ọmọ ẹlẹ́dẹ̀.
Ó kì í bọ àyà ẹ̀wù, ó wa kẹ̀kẹ́ lọ sílé,
ẹlẹ́dẹ̀ ń ké, òun ń rẹ́rìn-ín.
Ó máa ń sọ pé òun nìkan ni ẹ̀bùn tó ń sanra sí i.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ńlá ránṣẹ́ pè é,
ó rò pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò borí.
Wọ́n ní, “Apọnmi la ń wá.”
Nítorí náà ó ń fà sẹ́yìn lọ bá mọ́tò,
ó ń ki ìgò mẹ́jọ bọ ẹ̀yìn ẹ̀wù,
ó ń pọn omi bí ẹni pọn ọmọ, ìbejì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan,
ó sì tún ń lé àwọn tó ti lọ bá.
Bí òùngbẹ bá gbẹ ọ̀gá, òun ni odò.
Bí afẹ́fẹ́ bá le, òun ni ògiri.
Bí táyà ọ̀gá bá bẹ́...

Ní òkè Pirenéè, nínú yìnyín, ó bẹ́.
Armel tú táyà tirẹ̀, ó gbé e fún un.
Ọ̀gá kò bojú wẹ̀yìn. Ìje ni.
Ó jókòó lórí òkúta ogójì ìṣẹ́jú,
òun àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan.
Mo bi í pé kí ló ń rò níbẹ̀.
“Pé mo gbàgbé ìbọ̀wọ́.”

Àṣà wọn ni: bí eré bá fẹ́ gba ìlú ẹnìkan kọjá,
wọn a jẹ́ kó ṣíwájú, kó lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀.
Lọ́dún kan, ó kan Armel.
Ó yọ sí abúlé ní òun nìkan, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún.
Soazig ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ̀fun lọ́wọ́.
Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹnu kò ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.
“Ṣé o ti jẹun?”
“Ìyá mi, omi.”
Àwọn méjèèjì sáré lọ sídìí kànga,
wọ́n kún ìgò mẹ́jọ.
Lẹ́yìn ibùsọ̀ mẹ́ta, ọ̀gá mu, ó dánu dúró.
“Omi ibo nìyí?”
Gbogbo ìyìn tó gbà lọ́dún mọ́kànlá nìyẹn.
N kò mọ̀ bóyá ó tó. Òun náà kò sọ.

Òkúta ojú ọ̀nà Roubaix ló fọ́ egungun ìdí rẹ̀.
Ó padà sídìí àlùbọ́sà.
Títí tó fi kú, bí a bá ti gbé oúnjẹ sórí tábìlì,
kì í jókòó. Yóò tiro lọ gbé jọ́ọ̀gì,
yóò bu fún ìyàwó, yóò bu fún ọmọ,
yóò bu fún àlejò tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀.
Bó bá kàn mí, n kì í gbójú sókè.
Ìgúnpá rẹ̀ nìkan ni mo máa ń rí,
àti omi tó ń gòkè nínú ife.