Ó Jọ Ọ́

"Ó jọ ọ́" ni mo sọ.
Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Tẹ́ṣàn Kàbà, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, iná ti lọ,
wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú,
òun nìkan, ẹnìkan kò dúró tì í.
Ọlọ́pàá ní, "Ìyá, ṣé òun kọ́ nìyí?"
Owó kaṣú mi tí wọ́n gbà lójú ọ̀nà Ìyàrá
ṣì ń jó mi láyà bí ẹ̀yinná.
Mo wo ẹ̀wù rẹ̀. Mo wo èjìká rẹ̀ tó sọ̀ lápá kan.
Mo ní, "Ó jọ ọ́."
Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀;
kíkọ náà pẹ́ ju ọ̀rọ̀ méjì tí mo sọ lọ.
Èmi tí n kò mọ̀wé, mo ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, wọ́n kà á ní kóòtù:
"Òun ni. Mo dá a mọ̀ dájúdájú."
Ohùn ẹlòmíràn, àtàǹpàkò tèmi.
Mo fẹ́ dìde. Adájọ́ ń wo aago.
Lọ́yà rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ í pè,
Òtítọ́jù, ọmọ ahunṣọ ní Ògìdì,
orúkọ tí akọ̀wé pè lẹ́ẹ̀mẹta
láìgbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ ń wí.
Mo jókòó.
Ìjókòó mi yẹn, ọdún mọ́kànlá ló jẹ́ fún un.

Ìyá rẹ̀ kò bú mi rí.
Bí a bá pàdé létí kànga, yóò kàn yí garawa rẹ̀ sódì kejì,
títí kò fi wá pọnmi mọ́.

Ẹni tó jà mí lólè kú sí ọsibítù ní Ẹ̀gbẹ̀;
ó ti ka gbogbo rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì.
Wọ́n ní ìwé náà sùn ní Lọ́kọ́jà fún ọdún méjì
kí ẹnìkan tó jí i.

Ó dé nígbà tí kaṣú ń já bọ́.
Irun rẹ̀ ti funfun, ó kí mi: "Okun o."
N kò rí ẹnu dá a lóhùn.

Ní ìjẹta, wọ́n mú ọmọ kan pẹ̀lú ewúrẹ́ olórí ẹbí wa.
Àwọn ọ̀dọ́ ti yí táyà dé.
Ẹnìkan ní ká mú un lọ sí tẹ́ṣàn,
àgbà ilé rẹ́rìn-ín: "Tẹ́ṣàn tó mú Òtítọ́jù?"
Kò sẹ́ni tó fèsì.
Òun náà ló jáde, ó dúró síwájú ọmọ náà,
èjìká rẹ̀ ṣì sọ̀.
"Ẹ bi í léèrè ibi tó sùn lánàá.
Wọn ò bi mí."

A gun ọ̀kadà mẹ́ta lọ sí Kàbà.
Kò bá mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, n kò sì retí rẹ̀.
Ọlọ́pàá kékeré kan fa ìwé yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ,
ó kọ, ó kọ,
ọmọ náà kò tíì sọ ju gbólóhùn kan lọ.
Mo gbé ọwọ́ mi lé orí ìwé náà.
Mo ní, "Kà á sí wa létí."