Ohun Tí Pọ́tì Bò

Ọ̀gá Ṣóbáyọ̀ kì í kọ́kọ́ mú òòlù.
Ìka ló fi ń kan fẹ́ńdà, kó, kó, kó,
bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé àna.
Ó dé ibì kan, ó dún pọ̀,
bí ògiri alámọ̀.
"Pọ́tì rèé," ó ní. "Kí ló kọlù?"

Mo ní kò kọlu nǹkan kan.
Bàbá mi nìkan ló wà á kó tó kú,
Pijó aláwọ̀ ewé, ọdún mẹ́tàlélógún,
Ìjẹmọ̀ sí Láfẹnwá, kò ju bẹ́ẹ̀.
Èmi kàn ní kí wọ́n bá mi gbé e ga ni:
sípíríǹgì tuntun, ṣọ́ọ̀kì tó le,
torí òkúta àdúgbò wa ń họ ọ́ nínú.

Múfútáù ń fi sánpépà yún un.
Àwọ̀ ewé lọ, eérú lọ, funfun bí ẹfun jáde,
ó jìn tó ìka méjì.
Lábẹ́ rẹ̀, irin ká kò bí ewé ẹ̀kọ.
Èyí kì í ṣe ewúrẹ́.

Mo wá rántí oṣù tí bàbá lọ "kọ́ọ̀sì" n'Íbàdàn,
tó dé pẹ̀lú apá òsì tí kò ṣe é gbé sókè mọ́.
Làkúrègbé, ni wọ́n wí fún wa.
Àtìgbà náà ni màmá ti ń jókòó lẹ́yìn ọkọ̀.

"Ṣé kí n nà án, àbí kí n tún bò ó?"
Òjò ń ṣú bọ̀ lápá odò Ògùn.
Mo ní kó nà án.
Ó nà án títí ilẹ̀ fi ṣú, kò tẹ́jú tán.
Mo ní ó tó,
kó kùn ún bẹ́ẹ̀.