Ọ̀pẹ

Gáréèjì bàbá ọkọ rẹ̀ ní Derby
ni Hester Plumtree ti kọ́kọ́ fi sáàsì gé páálí,
tó ya ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ kan ò tíì tẹ̀ rí,
tó sọ odò lórúkọ, tó fi ọba jẹ lórí òkè.
Báńkì rẹ́rìn-ín: "Àgbàlagbà tó ń ta dáìsì!"

Ìgbà tí mo fi dé Nottingham,
òṣìṣẹ́ ọgọ́ta ló ń jẹ lábẹ́ rẹ̀,
síbẹ̀ a jọ ń ka dáìsì lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni,
bí ẹyọ kan bá dín, ẹnikẹ́ni ò relé.

Lọ́dún tí ẹrù wa há sójú òkun
owó oṣù ò yẹ̀.
Awakọ̀ tó kó bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló tú u fún wa
pé ó ti ta ilé.

Àná ló fẹ̀yìn tì.
Àwọn olówó London ti ra orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.
Mo gbé ọpọ́n ayò ka orí páálí,
mo pa á lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀pẹ gbáà!
Ó tẹjú mọ́ ihò tó ṣófo níwájú rẹ̀:
"Ta ló ṣe òfin eré yìí?"
Mo ní a bá a nílẹ̀ ni.
"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní,
"kò sẹ́ni tó máa rí i rà."