Ìka Méjì

Òjò wẹliwẹli ń rọ̀ ní Mánṣẹ́sítà
láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí Wai-Lin fà mí lọ́wọ́
láti ẹnu ọ̀nà ọsibítù, bàtà iṣẹ́ òru ṣì wà lẹ́sẹ̀ wa.
"O ò tíì jẹun gidi látọjọ́ tí wọ́n ti pè ọ́ láti Iléṣà."
N kò dá a lóhùn.

Agbọ̀n oparun gorí agbọ̀n oparun,
ooru bo dígí ojú mi, n kò ríran mọ́.
Edé wà nínú awọ tín-ín-rín bí etí ọmọ tuntun.
Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ adìẹ.
Ẹsẹ̀ ni Màámi máa ń mú,
ó ní òun ló dùn mọ́ òun jù,
kí itan lè kù fún wa.

"Kí lẹ ń pe oúnjẹ yìí ná?"
"Dímsọ̀m. Pé kó fọwọ́ ba ọkàn,
fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí."
Ìpápánu ni tiwa:
ẹnu la fi ń pa, a ò dárúkọ ọkàn rárá.

Ó da tíì sí ife mi.
Àgbà ń bu omi fún ọmọdé! Mo dìde,
orúnkún mi ti fẹ́ kanlẹ̀.
"Jókòó, jàre."
Ó tẹ ìka méjì ní oríkèé,
ó fi kan tábìlì, kó, kó.
"Bí a ṣe ń kúnlẹ̀ nìyẹn."

Mo fi ẹsẹ̀ tó kù sẹ́nu,
mo tu eegun rẹ̀ wẹ́wẹ́ sí etí àwo.
Ìka mi méjì kúnlẹ̀,
wọn ò tètè dìde.
Kì í ṣe torí tíì.