Báàgì Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Doreen, ará ilé kejì, ló kan ilẹ̀kùn wa
pẹ̀lú búrẹ́dì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣì ń gbóná àti ìwé pélébé kan.
Ó ní ní Nanaimo níhìn-ín, ilẹ̀ lè mì nígbàkigbà,
ẹ di ẹrù ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà.
Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ti ṣú.

Ìyá ọkọ mi ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
"Ilẹ̀? Ilẹ̀ tí a tẹ̀ tí kò yẹ̀?
Ẹni tó bá tẹ́ní de ibi, ibi á wá jókòó."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ló rí, torí àgbà ló sọ̀rọ̀.
Lóru, mo tan iná ilé ìdáná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka omi.

Lítà mẹ́rin fún ẹnì kan lóòjọ́.
Àwa mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́ta:
lítà méjìdínláàádọ́ta.
Èmi tí mo fi orí ru omi dàgbà ní Ìkìrun
wá ń fowó ra omi tí mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí n má mu.

Tọ́ọ̀ṣì. Bátìrì. Fèrè kékeré
tí a ó máa fọn bí ògiri bá wó lé wa,
kí ará ìta lè mọ ibi tí wọn ó gbẹ́.
(Ẹ̀yìn ìwé ìrìnnà ni mo fi fèrè yẹn sí, kí ojú mi má baà máa bá a pàdé.)
Ẹ̀wà inú agolo, àti ohun tí a fi ń ṣí agolo.
Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbàgbé rẹ̀.
Gààrí kóńgò kan, tí kò sí nínú ìwé Doreen.
Akínbọ̀dé ní bí ilé bá ń wó, gààrí yẹn nìkan ni òun ó sá wọlé lọ gbé.
Bàtà Ọ̀rẹ́dọlá, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà,
bàtà pupa, labalábá wà létí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ìjọba bá yí aago, èmi náà á tú ẹrù.
Bàtà pupa kò gba ọmọ mọ́.
Mo fi aláwọ̀ ewé rọ́pò. Ìyẹn náà kò gbà á mọ́.
Ilẹ̀ kò mì, ẹsẹ̀ ló ń gùn.
Ẹ̀wà tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́ pé, a ó dà á sí ata,
a ó jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú,
ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, bí ẹni ń ṣọdún ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Ìdájọ́ kan, mo bá ìyá lábẹ́ àtẹ̀gùn,
ó kúnlẹ̀ ti báàgì nínú òkùnkùn.
Ó ní sálúbàtà òun lòún ń wá.
Sálúbàtà náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
Mo kí i, ẹ kúu jíjí, mo sì lọ gbé omi tíì kaná.

Oṣù Bélú tó kọjá, ìyá sùn, kò jí.
Ilẹ̀ kò mì.
Àwo kan kò ró lórí pẹpẹ.

Ní Ẹrẹ́nà, a yí aago, mo tú báàgì.
Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ aṣọ òtútù,
mo bá ìró kan tí a ká róbótó,
mo tú u: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, dọ́là ogún,
àti bàtà ọmọdé kan, tuntun, owó rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.
Mo pe Ọ̀rẹ́dọlá kó fi ẹsẹ̀ sí i.
Ó tóbi jù.
Á gbà á tó ọdún méjì sí i.

Mo dá a padà sí ààyè rẹ̀.
Mo ka omi. Àwa mẹ́ta,
lítà mẹ́rìndínlógójì ló yẹ kó kù.
Mo wo fèrèsé: iná yàrá Doreen ń tàn, òun nìkan nínú ilé.
Mo fi omi náà sílẹ̀ bó ṣe wà.